Ìgò Kékeré Mẹ́fà

Sussex, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1997

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o. Ẹ kú ìkórè tó parí, ẹ sì kú iṣẹ́ tí kì í parí. Báwo ni eékún yín? Ṣé Àǹtí Bertille ṣì ń gbé ọbẹ̀ wá fún yín ní Ọjọ́bọ̀, ṣé ẹ sì ṣì ń bá a jà pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀? Láti ìgbà tí Màmá ti fi wá sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ yìí nìkan ló kù láyé tó lè pariwo mọ́ yín kí ẹ má fèsì.

Ìwé kẹta rèé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ kò dá ọ̀kan lóhùn. Mo mọ̀ pé ìkórè kì í jẹ́ kéèyàn rímú mí, ṣùgbọ́n ìkórè ti parí láti oṣù tó kọjá, tẹlifóònù náà ẹ kì í gbé e.

Inú òjò la ti ká èso àjàrà tiwa lọ́dún yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dára ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín rèé. Màdáámù Winifred Harcombe tó ni oko tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà yìí fẹ́ wá kí yín. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, opó ni. Ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń sin àgùntàn ló gbin àjàrà sí, gbogbo àdúgbò fi í ṣẹ̀fẹ̀, kò wojú wọn. Ó ní òun fẹ́ rí ibi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún òun. Ó fẹ́ wá ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní. Òun nìkan ni yóò wa mọ́tò rẹ̀ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kí ẹ má sì sọ fún un ohun tí ẹ sọ fún mi nípa Gẹ̀ẹ́sì àti òjò.

Ọmọ yín,
Solène


Courtezy, ẹ̀bá odò Marne, ilẹ̀ Faransé
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejìlá, ọdún 1997

Solène,

Mo kí ọ o. Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, àwọn méjì àkọ́kọ́ náà tẹ̀ mí lọ́wọ́. Eékún mi ṣì wà níbi tí eékún máa ń wà. Ní ti Bertille, ó ti ṣíwọ́ iyọ̀. Ọbẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ ní adùn kankan mọ́. Mo sọ fún un, ó bínú, ó ní òun kò yí ohunkóhun padà láti ogún ọdún.

Kí ìyá Gẹ̀ẹ́sì náà máa bọ̀. Ibi tí àgùntàn ti ń yàgbẹ́ ló fi ń ṣe wáìnì, ó kúkú yẹ kí ó wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. N kò ní sọ̀rọ̀ òjò, àfi bí òjò bá kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀.

Èmi náà ní ẹ̀bẹ̀ kan. Mo fi ìgò kékeré mẹ́fà rán awakọ̀ tó ń kó ẹrù lọ sí èbúté yín. Wáìnì tuntun ọdún yìí ni, oko mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, oko kan ìgò kan, n kò tíì da mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ di ọtí kan. Mo ti kọ orúkọ oko sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Tọ́ wọn wò, kí o sì kọ ohun tí o gbóòórùn nínú wọn ránṣẹ́ sí mi. Kọ ọ́ dáadáa, má gé e kúrú. Mo fẹ́ ẹ kí oṣù kìíní tó parí.

Má bi mí ní ìdí.

Bàbá rẹ,
Anselme Thévenard


Sussex
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejìlá, ọdún 1997

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ ṣeun tí ẹ gba Màdáámù Winifred láàyè.

Ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé láìfọ́. Mo tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. N kò tọ́ wọn wò, n kò sì ní tọ́ wọn wò.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, Bàbá. Ṣé ìdánwò ni mo tún fẹ́ ṣe? Ṣé kí n kọ èsì wá kí ẹ fi báírò pupa fa igi lé e? Ẹ̀yin lè ti gbàgbé oṣù kẹta ọdún 1991, èmi kò gbàgbé. A jókòó yí tábìlì ká, ẹ̀yin, èmi, aládùúgbò mẹ́ta, àti onímọ̀ ọtí tó wá láti Épernay. Mo ní mo gbóòórùn nǹkan kan tó fẹ́ bàjẹ́ nínú àgbá ọtí oko Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gba ife lọ́wọ́ mi, ẹ dà á sínú kòtò, ẹ ní, "Ọmọ yìí ń gbóòórùn ohun tí kò sí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ohun tó gbé mi dé ibi tí mo wà nìyẹn. Níhìn-ín, bí mo bá ní ọtí kan ń rùn, wọn á dúró, wọn á gbọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí imú mi ṣe rí lónìí, ẹ bi àlejò yín léèrè tó bá dé.

Solène


Courtezy
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kìíní, ọdún 1998

Solène,

Ó wá, ó ti lọ. Jẹ́ kí n sọ tèmi kí ó tó sọ tirẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án la jọ fi sí. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí ó lù, mọ́tò kékeré kan tó kún fún ẹrẹ̀ dúró lẹ́nu géètì. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀, irun rẹ̀ funfun bí ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá Solène. Ẹ má wo bí mo ṣe ń sọ Faransé yín. Ilé ìwé ni mo ti kọ́ ọ, olùkọ́ wa gan-an kò gbọ́ ọ."

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, Màdáámù. Ẹ má wo bí ojú mi ṣe le. Ọwọ́ bàbá mi ni mo ti jogún rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú. Mo mọ̀ nígbà náà pé a ó gbọ́ra wa yé.

Àlejò yòókù, bí wọ́n bá ti dé, iye ìgò tí mò ń ṣe lọ́dún ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Òun kò bèèrè rẹ̀ títí ó fi lọ. Ó ní kí n kọ́kọ́ mú òun dé oko. Mo mú un gun Òkè Ehoro, afẹ́fẹ́ ń gbá wa létí. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó wa ẹfun díẹ̀ jáde nílẹ̀, ó sì fi ahọ́n kàn án.

"Ó ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n."

"Bó ṣe ń fa omi nìyẹn. Lákòókò òjò ó ń mu ún, lákòókò ọ̀dá ó ń fún gbòǹgbò mu."

"Ẹfun yìí kan náà ló wà lábẹ́ oko mi," ló wí. "Abẹ́ òkun ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa."

Ìwọ náà ti sọ ọ́ fún mi rí, mo pòṣé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún lórí ìkúnlẹ̀, tí ẹfun ṣì funfun létè rẹ̀, mo gbà á gbọ́.

A wá sọ̀ kalẹ̀ sínú àjà-ilẹ̀ tí ọtí wa wà. Ó ń fọwọ́ kan ògiri bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ó rí àwọn pákó olójú ihò níbi tí ìgò ti dorí kodò, tí wọ́n tò lọ títí ojú kò rí òpin wọn mọ́, ó dúró. Ó wá rọra ní, "Ṣé wọ́n ń sùn ni?"

"Wọ́n ń sùn. Ẹ sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́."

Mo fi bí a ṣe ń yí ìgò hàn án: ọwọ́ méjèèjì, ìgò méjì lẹ́ẹ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́jọ òbìrí, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè máa yọ́ bọ̀ sí ọrùn ìgò láìrú. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ariwo rẹ̀ dà bí ẹni ń fọ abọ́.

"Màdáámù, ẹ ń jí wọn o!"

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n!"

Kò ṣíwọ́. Nígbà tó fi máa yí pákó kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ó sọ fún mi pé ẹ̀rọ lẹ fi ń yí ìgò tiyín, ọgọ́rùn-ún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n n kò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni dúró wo ẹ̀rọ wa bí mo ṣe ń wo ọwọ́ yín yìí."

Ọ̀rọ̀ dídùn kò wọ́pọ̀ nínú àjà-ilẹ̀ yìí.

Ó ní òun fẹ́ ṣí ọ̀kan, kí òun yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí ó dorí rẹ̀ kodò, kí ó ṣí ìdérí onírin, kí ó gbé orí ìgò sókè wàrà kí ọtí tó bá ẹ̀gbin jáde. Àkọ́kọ́, ó pẹ́ jù, ìdajì ìgò fò sára awò ojú rẹ̀ àti fìlà mi. Èkejì, pàù! Ẹ̀gbin nìkan ló fò, ó ti fi àtàǹpàkò dí ẹnu ìgò, kò pàdánù ju ẹnu ọtí kan lọ. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Mo mọ ohun tí o ń rò bí o ti ń ka èyí: n kò pàtẹ́wọ́ fún ọ rí. Òótọ́ ni.

Bertille ti se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti kábéèjì sílẹ̀, ó sì gbé wàràkàṣì Chaource wá. Mo ṣí ìgò ọtí ọdún 1988 kan fún un. Mo gbóòórùn rẹ̀, mo ní, "Oyin. Oyin àti àlùmọ́ńdì sísun." Ó mu, ó pa ojú dé. Ó mu ún tán pátá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìwà, n kò lè purọ́. Wàrà tí mo gbé kaná fún kọfí wa jóná díẹ̀, ọ̀rọ̀ ló gbà mí lọ́kàn.

Èèyàn gidi lò ń ṣiṣẹ́ fún. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo ti mọ̀ báyìí.

Ìgò mẹ́fà náà ńkọ́? Oṣù ti fẹ́ parí.

Bàbá rẹ


Sussex
Ọjọ́ kejì, oṣù kejì, ọdún 1998

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé. Màdáámù Winifred dé láyọ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi sọ̀rọ̀ méjì ju àjà-ilẹ̀ yín lọ. Ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ń fi ìgò omi ṣe bí ẹ ṣe ń yí i. Ó ní, "Mo ti rí ọba nínú mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì láyé mi, kò wú mi lórí tó bàbá yẹn." Mo rò pé kò sí nǹkan mìíràn nínú ìrìn àjò náà.

Lánàá ó pè mí sí ìdí tíì. Ó ń fi ṣíbí ro tíì rẹ̀, kò mu ún. Ó ní, "Solène, ìdérí burúkú lè ba ìgò ọtí ẹnikẹ́ni jẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n 1988 tí bàbá rẹ fún mi ń rùn bí páálí tí òjò pa. Mo gbóòórùn rẹ̀ kí n tó gbé e dé ẹnu. Òun fi imú sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ní oyin ni."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi mu ún tán.

Ó ní, "Kí ni kí n ti ṣe? Ojú rẹ̀ ń tàn bí ti ọmọ kékeré." Ó tún ní wàrà kò jóná díẹ̀ o, ó jóná pátápátá. Èéfín ti bo yàrá, Àǹtí Bertille ti ń sáré bọ̀ láti ìta, ẹ̀yin ṣì jókòó síwájú ààrò, ẹ ń sọ ìtàn.

Mo lọ sílé, mo tún ìwé oṣù kejìlá kà, ibi tí ẹ ti ní ọbẹ̀ Àǹtí kò ní adùn mọ́. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà.

Bàbá, ṣé imú yín kò gbóòórùn mọ́?

Bí mo bá ṣì yín gbọ́, ẹ bú mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bèèrè rèé, mo kọ ọ́ dáadáa:

Òkè Ehoro: ọsàn wẹ́wẹ́, èèpo rẹ̀ ju omi rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, òórùn ẹfun nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ kàn án. Ó mọ́. Ó gún régé.

Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì: èso ápù tó ti pọ́n jù, àti nǹkan bí ìkòkò tí wọ́n fi se ẹyin. Afẹ́fẹ́ ni kò kàn án tó. Bí ẹ bá dà á láti àgbá kan sí òmíràn, òórùn náà yóò lọ.

Ìdí Kànga: òdòdó funfun. Mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, mo padà wá, ó ti di èso pía. Èyí wù mí ju gbogbo wọn lọ.

Oko Àárín àti Oko Ìyá Àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra: búrẹ́dì tuntun, ewé tútù. Ti Ìyá Àgbà ní iyọ̀ díẹ̀ nínú.

Ẹsẹ̀ Afárá: kò ní òórùn púpọ̀. Ẹ má lò ó.

Ẹ tètè kọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́.

Solène


Sussex
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì, ọdún 1998

Bàbá,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko rèé. Mo pe Àǹtí Bertille lórí tẹlifóònù, ó ní ara yín le, pé ẹ gba ìwé mi, ẹ kà á lórí ìdúró, ẹ kì í bọ àpò, ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú àjà-ilẹ̀. Ó ní ẹ̀ ń yí ìgò tí ẹ ti yí tẹ́lẹ̀.

Bí mo bá ti bà yín nínú jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́. Bí n kò bá rí ìwé yín gbà kí oṣù yìí tó parí, mo ń bọ̀ bóyá ẹ pè mí tàbí ẹ kò pè mí.

Solène


Courtezy
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, ọdún 1998

Ọmọ mi,

O kò ṣì mí gbọ́.

Oṣù kìíní ọdún 1996 ni. Ibà àti ọ̀fìnkìn dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo dìde, kọfí ti di omi gbígbóná lẹ́nu mi. Mo ní yóò padà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ki orí bọ ẹnu àgbá, mo fa imú. Ó dà bí ìgbà téèyàn kan ilẹ̀kùn ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gbogbo ará ibẹ̀ ti kó lọ. Dókítà kan ní Reims ní ó lè padà, ó sì lè má padà. Ó ti di ọdún méjì.

Ta ni kí n sọ fún? Akọrin tó ya odi, wọn á ṣàánú rẹ̀. Wáìnì tí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó dà á pọ̀ kò gbóòórùn, ta ni yóò gbé e sẹ́nu? Bertille gan-an kò mọ̀, ó rò pé mo kàn ń bá ọbẹ̀ rẹ̀ jà ni. Nítorí náà mo dà á pọ̀ fúnra mi, ìkórè 1995 àti ti 1996. Ahọ́n ṣì mọ kíkan, ó mọ kíkorò, ó mọ èyí tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́. Ìyókù, mo rántí rẹ̀. Mo ti ń rìn nínú oko wọ̀nyẹn fún ọgọ́ta ọdún. Mo ń tọ́ Òkè Ehoro wò, mo ń sọ fún ara mi pé: ní ọdún tí oòrùn mú báyìí, báyìí ni òórùn rẹ̀ máa ń rí. Mo ń dà á pọ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú ilé ara rẹ̀ láìsí iná.

Ọ̀kẹ́ kan ìgò lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kẹ́ méjì ìgò ló ń sùn nísàlẹ̀ tí n kò mọ̀ bóyá wọ́n dára tàbí wọ́n burú. Bí mo bá ti ń yí wọn, mo máa ń bi wọ́n.

Nígbà tí ọdún kẹta dé, ẹ̀rù bà mí. Mo fi ìgò mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ. Ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀. Bí ìwé ṣe wà níwájú mi, mo kọ "má bi mí ní ìdí." Ìgbéraga ni.

Nípa 1991: àgbá Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn bàjẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún náà. O ti gbóòórùn rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú ẹnikẹ́ni. Mo dà á nù, n kò sọ fún ẹnì kankan. Ó yẹ kí n gba ọkọ̀ ojú irin ní ọjọ́ náà gan-an, kí n wá bá ọ. Mo ní ìkórè ló ń bọ̀, lẹ́yìn náà mo ní òtútù ló dé. Ọdún mẹ́fà lọ báyẹn. Dárí jì mí.

Mo fi ìwé rẹ sórí tábìlì àjà-ilẹ̀, mo da wáìnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ife, mo ń ka ọ̀rọ̀ rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ti ń mu wọ́n. Mo ka ti Ìdí Kànga nígbà mẹ́rin. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi dáhùn kíá. N kò fẹ́ kí ó tán.

Máa bọ̀.

Anselme, bàbá rẹ


Sussex
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, ọdún 1998

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dé láyọ̀. Ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú mi, ẹ bá mi kí Àǹtí. Ó di wàràkàṣì mẹ́ta sí àpò mi láìsọ fún mi, ọkọ̀ ojú irin ni mo ti mọ̀. Gbogbo èrò ló kọ́kọ́ mọ̀.

Mo ń kọ èyí nítorí pé ohun kan wà tí n kò lè sọ lójú yín, ẹ mọ̀ pé bí tiyín lèmi náà ṣe rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ ṣí ìgò 1995, ẹ kò wo ọtí rárá. Ojú mi lẹ ń wò. Mo gbé ife sí imú, mo tún fa imú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ní, "Ó bàjẹ́."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ní sùúrù ná."

"Solène, ó bàjẹ́ àbí kò bàjẹ́? Sọ ọ́ fún mi kí n mọ̀."

Mo ní, "Ó dára." Bẹ́ẹ̀ nìkan ni mo lè sọ, ẹ yí ojú padà, ẹ ń nu ìgò tó ti mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kéré. Ohun tí mo gbóòórùn gan-an rèé: búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, ẹ̀yìn rẹ̀ ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ òórùn inú àjà-ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀, tútù, mímọ́. Fóòmù rẹ̀ ṣe wẹ́wẹ́ bí ìyẹ̀fun. Mo ti tọ́ wáìnì onífóòmù wò nílé àwọn tó lórúkọ, àwọn tó ní onímọ̀ mẹ́wàá yí tábìlì ká. N kò tíì mu èyí tó dára tó o rí. Ìrántí nìkan lẹ fi ṣe é. Bí mo bá gbé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé, n kò lè mọ ilẹ̀ kan bí ẹ ṣe mọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ti 1996 kò dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó wúwo lẹ́sẹ̀. Mo sọ ọ́ fún yín bẹ́ẹ̀, ẹ sì ní, "Mo fura." Ẹ kò bínú. Mo dúró de ìbínú títí di ọ̀sán.

Ó wá kan ti ọdún yìí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jà lórí Ìdí Kànga. Ẹ ní kí a yọ ọ́, pé ní ọdún olójò kì í dàgbà dáadáa. Mo ní kí a fi í sí i. Ẹ lu tábìlì, mo lu tábìlì. Àǹtí sọ láti orí àtẹ̀gùn pé bí a bá fọ́ ife òun, a ó fi ọwọ́ mu ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin ẹ ti ife síwájú mi, ẹ ní, "Ṣe é bí imú rẹ ti wí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ń tẹ̀ lé mi kiri láti ìgbà náà. Ṣé ẹ kò kábàámọ̀?

N kò lè padà wálé pátápátá, Bàbá. Mo ní oko níhìn-ín tí mo gbin pẹ̀lú ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n Màdáámù Winifred ti fọwọ́ sí i: gbogbo oṣù kẹta lọ́dọọdún, tiyín ni mí, àti ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án fún ìkórè. Ó ní owó oṣù mi kò ní yí padà, ohun tí òun ń fẹ́ kò ju kí ẹ gba òun láàyè láti tún wá yí ìgò.

Ọmọ yín,
Solène


Courtezy
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, ọdún 1998

Solène ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Màdáámù. Sọ fún un pé ogún pákó ń dúró dè é, kí ó gé èékánná rẹ̀.

A ti rọ ọtí sínú ìgò. Ó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́rin. A fi ṣúgà àti ìwúkàrà sí i bí a ṣe sọ, kí fóòmù lè wà nínú rẹ̀, a dé e, a tò ó sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan ó lé díẹ̀. Ìdí Kànga wà nínú rẹ̀. N kò kábàámọ̀. Mo ṣì rò pé o kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò kábàámọ̀.

Mo ti sọ fún wọn. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, àwọn aládùúgbò mẹ́ta tó jókòó sí tábìlì lọ́dún 1991 wà ní ilé kọfí. Mo dìde, mo ní, "Imú mi kò gbóòórùn láti ọdún méjì. Ọmọ mi obìnrin ló da ọtí ti ọdún yìí pọ̀. Imú rẹ̀ dára ju tèmi lọ nígbà tí tèmi ṣì ń ṣiṣẹ́." Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn wo inú ife rẹ̀, ó ní, "Anselme, èmi náà, etí mi ọ̀tún ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Mi ò gbọ́ ohun tí o sọ. Tún un sọ." Mo tún un sọ. Mo pariwo rẹ̀.

Ìgò ọdún yìí yóò sùn fún ọdún mẹ́ta. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni n ó jẹ́ nígbà tí wọ́n bá jí. Mo fẹ́ wà níbẹ̀. Ó pẹ́ tí n kò ti fẹ́ nǹkan báyìí.

Ní báyìí mo ń mú Bertille sọ̀ kalẹ̀ wá sínú àjà-ilẹ̀ láràárọ̀. Mo ń bi í pé kí ló gbóòórùn. Ó ní, "Àjà-ilẹ̀." Mo ní, "Mo mọ̀ pé àjà-ilẹ̀ ni, kí ló tún wà níbẹ̀?" Ó fa imú, ó ronú títí, ojú rẹ̀ le koko bí ti adájọ́. Ó ní, "Àjà-ilẹ̀ tó tútù."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò wúlò, Solène. Obìnrin rere ni, ṣùgbọ́n kò wúlò rárá. Oṣù kẹsàn-án jìnnà.

Bàbá rẹ,
Anselme